Àyè Kẹ́hìndé Lórí Bẹ́ńṣì

Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí Àtàndá fẹ́ fi fótò ẹ̀rọ omi tó gbẹ ṣe. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo bá a níbi tó ti da ikùn délẹ̀ nínú eruku Òkè Gádà, tó ń ya ẹnu ẹ̀rọ omi ìjọba, tí àwọn korobá òfìfo tò sẹ́yìn ara wọn títí dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Kò sí ènìyàn kankan nínú fótò náà. Korobá nìkan ni.

"Àtàndá, ta ló máa ra èyí?"

"Kò sẹ́ni tó máa rà á."

"Kí lo wá ń yà á fún?"

Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò láyà bùbá rẹ̀. "Bísí, lọ́jọ́ iwájú, àwọn kan á jókòó sínú ilé tó dáa, wọ́n á ní omi ò wọ́n ní Ẹdẹ rí. Mo fẹ́ kí àwọn korobá yìí lè jẹ́rìí."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ mi ò lè gbàgbé àwọn korobá yẹn.

Adébísí lorúkọ mi, iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe. Ògiri kan ṣoṣo ló la ṣọ́ọ̀bù mi àti ilé fótò Àtàndá láàrin, nítorí náà ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ìyàwó rẹ̀ mọ̀ lọ. Àwọn ará àdúgbò ní mo fẹ́ràn ìtọpinpin. Mi ò bá wọn jiyàn. Bí kì í bá ṣe ti ìtọpinpin, kí ló dé tí Ọlọ́run fi ojú méjèèjì síwájú orí, tí kò fi wọ́n pa mọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀?

Ọdún 1984 ni. Àwọn ṣójà ti gba ìjọba padà, wọ́n ní àpò orílẹ̀-èdè ti gbẹ, kí kálukú fara dà á. Ìrẹsì, mílíìkì, ọṣẹ àti òróró di ohun tí à ń tò gbà lábẹ́ kòbókò, a sì ń pè wọ́n ní ẹsẹ́ńkò. Aṣọ tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì tó ti gbó ni wọ́n ń kó wá, kí n tú kọ́là rẹ̀ kí n sì yí inú rẹ̀ síta. Ní ti Àtàndá, ta ni ebi ń pa tí yóò rántí fótò? Ó yẹ kó ti ilẹ̀kùn kó lọ máa roko bàbá rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó gbé kámẹ́rà kékeré kọ́rùn, ó ń ya ìgboro kiri.

Ó kan pátákó kan mọ́ iwájú ilé fótò rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń lẹ ohun tó bá yà mọ́. Kò sẹ́ni tó ń kọjá tí kì í dúró. Àwọn kan á wá ojú ara wọn, àwọn kan á wá ti aládùúgbò wọn kí wọ́n lè rí i fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ kan ló lẹ fótò Tíṣà Jacob, tíṣà àgbà tó kọ́ ìdajì wa ní A-B-D, níbi tí ṣójà ti ń mú wọn fò bí ọ̀pọ̀lọ́ láàrin títì nítorí wọ́n ní wọn ò tò dáadáa. Gbogbo wa yà sẹ́yìn lọ́jọ́ tí Tíṣà fúnra wọn dé iwájú pátákó. A rò pé wọ́n máa fa fótò náà ya. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó.

"Fi sílẹ̀ níbẹ̀," ni wọ́n sọ fún Àtàndá. "Ẹni tó mú mi fò ni kójú tì."

Irú ènìyàn tí Àtàndá jẹ́ nìyẹn. Àmọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe tó jọ mí lójú jù kì í ṣe ti ìgboro. Ti Ìyá Ìbejì ni.

Kúlúsúmù ni orúkọ Ìyá Ìbejì, ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń ṣe tà. Wọ́n bí Táyé, wọ́n bí Kẹ́hìndé. Àwọn ọmọ náà ò tíì já lẹ́nu ọmú tí Kẹ́hìndé fi fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, ó ti yé yín. Lọ́dọ̀ wa, a kì í la ẹnu sọ ti ìbejì bí a ṣe ń sọ ti ọmọ mìíràn, pàápàá létí èyí tó kù. Ẹ̀rù ń bà wá pé bó bá gbọ́, ó lè ní òun náà ń tẹ̀ lé èkejì òun.

Nítorí náà, ní gbogbo ọdún Iléyá, Ìyá Ìbejì á ra aṣọ, wọ́n á gbé e wá fún mi. Èmi á rán aṣọ méjì. Táyé nìkan ni mo sì ń wọ̀n fún méjèèjì. Táyé á wọ ọ̀kan, á jókòó sí apá òsì bẹ́ńṣì Àtàndá, Àtàndá á yà á. Á wọlé sọ́dọ̀ mi, á pààrọ̀ sí èkejì, á dé fìlà, á lọ jókòó sí apá ọ̀tún bẹ́ńṣì kan náà, Àtàndá á tún yà á. Nínú yàrá òkùnkùn, Àtàndá á bo ìdajì bébà, á tẹ fótò kan sí i. Á bo ìdajì kejì, á tẹ fótò kejì. Bó bá máa jáde, ọmọ méjì ló jókòó ti ara wọn, wọ́n ń wo yín. Mo ti wá ojú rírán rẹ̀ títí, èmi tí mo jẹ́ aránṣọ, mi ò rí i.

Báyìí ni Kẹ́hìndé ṣe ń dàgbà lára ògiri ìyá rẹ̀. Ọdún tí eyín iwájú Táyé yọ, ti Kẹ́hìndé náà yọ. Ọdún tí Táyé hu irùngbọ̀n, Kẹ́hìndé náà hu ú. Aṣọ Kẹ́hìndé, bí wọ́n bá ti ya fótò tán, ó di inú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀. Mo bi Àtàndá lẹ́ẹ̀kan bóyá kò ṣe é bákan láti máa dá ènìyàn sílẹ̀ lórí bébà. Ó ní ohun tójú bá ń wá lojú ń rí, òun kàn ń bá ojú ìyá kan wá a ni.

Lásìkò òjò ọdún náà, ìrẹsì dé. Sájẹ́ńtì kan ló ń bójú tó ilé ìpínjà, níbi tí wọ́n ti ń pín ẹsẹ́ńkò, tó wà nítòsí rélùwéè. Ọkùnrin gíga ni, ìlú rẹ̀ jìnnà, ní òdìkejì odò Ọya. Yorùbá tó kọ́ ní báréékì Ìbàdàn ló ń sọ, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni ń jẹ ẹja elégungun. Kò mọ "ẹ" yàtọ̀ sí "o". Àti arúgbó àti ọmọdé, "ìwọ" ni gbogbo wa. Láti ìdájí ni èrò ti tò. Nígbà tó di ọ̀sán, sájẹ́ńtì ní ìrẹsì ti tán, bẹ́ẹ̀ ojú wa ń rí àpò lẹ́yìn rẹ̀. Èrò bá ti ilẹ̀kùn wó. Àwọn tó lágbára gbé àpò sórí, wọ́n sá lọ.

Àtàndá ya ìyẹn náà. Fíìmù tó kù nínú kámẹ́rà kékeré ló fi yà á, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó: gèlè tó ń já bọ́, àpò ìrẹsì lókè orí, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sáré, tí ojú rẹ̀ dàrú díẹ̀ nínú fótò.

Sájẹ́ńtì dé iwájú pátákó. Ó na ìka sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. "Ta nìyí?"

Aláṣejù kan láàrin èrò, kí n má dárúkọ rẹ̀, dáhùn pé, "Ó mà jọ Táyé Ìyá Ìbejì o."

Àwọn àgbà ní àìmẹ́nu, àìmétè ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti mú Táyé.

Iṣẹ́ mọkáníìkì ni Táyé ń kọ́ ní Sẹ́kọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá rẹ̀, Zakariyah, wá pẹ̀lú gírísì lọ́wọ́, ó búra lórí Kùránì pé abẹ́ lọ́rì ni òun àti Táyé wà láti àárọ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ ìrẹsì. Sájẹ́ńtì gbọ́ ọ. Kì í ṣe ìkà ènìyàn, mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́n ni, ọgbọ́n rẹ̀ yẹn ló kó bá wa. Ó ní òun máa lọ tú ilé Ìyá Ìbejì wò. Mo tẹ̀ lé wọn, kí ni mo fẹ́ jókòó ṣe?

Kò rí ìrẹsì. Ó fẹ́ máa jáde ni ojú rẹ̀ bá ògiri. Ó dúró. Ó wo àwọn fótò náà láti ìgbà ọmọdé títí dé èyí tó kẹ́yìn, ó sì já èyí tó kẹ́yìn lára ìṣó. Ẹ̀rín mú un.

"Méjì ni wọ́n!" ló wí. "Mọkáníìkì kò purọ́. Fótò kò purọ́. Ọ̀kan wà ní Sẹ́kọ̀nà, ọ̀kan jí ìrẹsì." Ó kọjú sí Ìyá Ìbejì. "Ìwọ, níbo ni èkejì wà?"

Ìyá Ìbejì wo ilẹ̀. "Kò sí nílé."

"Ìgbà wo ló máa dé?"

Ó bi baálé ilé, baálé ilé ń tún fìlà dé. Ó bi àwọn obìnrin ilé, wọ́n ń wo adìyẹ. Ó bi èmi, mo ń yọ òwú lára aṣọ mi. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́. Ohun tí sájẹ́ńtì rí ni odindi agboolé tó ń bo olè mọ́lẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Lọ́rì ń lọ Ìbàdàn lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí Kẹ́hìndé kò bá wá, Táyé ló máa lọ sí kóòtù àwọn ṣójà."

Ẹni tí wọ́n bá gbé lọ síbẹ̀ nígbà náà, ọdún ni wọ́n ń kà fún un, kì í ṣe oṣù. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n.

Inú bí mi. Inú bí mi sí sájẹ́ńtì, sí Ìyá Ìbejì, sí àṣà wa, sí fótò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo gba ilé ìpínjà lọ. Ìyá Ìbejì ti wà níbẹ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ti Táyé mọ́. Mo lọ tààrà sọ́dọ̀ sájẹ́ńtì.

"Sájẹ́ńtì, ẹ gbọ́, Kẹ́hìndé yẹn..."

Ọwọ́ kan bò mí lẹ́nu. Ọwọ́ Ìyá Ìbejì ni, ó ń rùn bí eérú. Wọ́n fà mí lọ sábẹ́ igi.

"Adébísí, ṣé o fẹ́ kí Táyé gbọ́ ọ ni? Ẹ̀yìn ògiri yẹn ló wà."

"Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ mi, Ìyá Ìbejì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Ọ̀kan ni mo ní." Omi ń bọ́ lójú wọn, ohùn wọn ò sì lọ sókè. "Bí ṣójà bá mú un, mo lè retí rẹ̀. Bí Kẹ́hìndé bá pè é, ta ni màá lọ bẹ̀?"

Kí ni mo fẹ́ fi dáhùn ìyẹn? Onítẹ̀bọmi ni mí, tèmi tọkọ tọmọ la sì ń gbàdúrà pé a ò bẹ̀rù irú nǹkan wọ̀nyẹn. Àmọ́ nígbà tí mo dé ilé, mo ro ó wò pé bó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, ọwọ́ tèmi náà á bo ẹnu ẹlòmíràn.

Àtàndá ò jẹun. Ó ti ya fótò ìrẹsì kúrò lára pátákó, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. "Fótò mi ló mú un," ló ń sọ. "Fótò mi kan náà ló tún dì í mú."

"O ní nẹ́gétíìfù wọn," ni mo wí. "Táyé nìkan ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbé e lọ fi hàn án."

"Á bi mí pé èkejì ńkọ́. Kí ni màá sọ, lójú ìyá rẹ̀?"

Mo ń wo bẹ́ńṣì, òun náà ń wò ó. Lójijì ó gbé orí sókè, ó ní, "Bísí, ohun tí ẹnu ò lè sọ, ṣé ojú náà ò lè rí i?" Mo bi í ohun tó ní lọ́kàn. Ó ti wọ bàtà, ó ti jáde. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ìtọpinpin lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó tó di pé mo gbàgbé. Kámẹ́rà ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wà nínú ilé fótò, ewé fíìmù ló ń lò, ewé kan fún fótò kan. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí ọjà òkè òkun má wọlé mọ́, fíìmù ti di ohun àwátì títí dé Òṣogbo. Ewé mẹ́ta péré ló kù nínú páálí Àtàndá. Kò fi ọwọ́ kàn án, ó ń tọ́jú rẹ̀ de Iléyá Ìyá Ìbejì.

Ó padà dé pẹ̀lú sájẹ́ńtì. Ó ti sọ fún un pé ọ̀gá bíi tiẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò ní Ẹdẹ láìya fótò, pé ọ̀fẹ́ ni. Ta ni kò fẹ́ràn ojú ara rẹ̀? Sájẹ́ńtì ti kun bàtà. Ó jókòó sí apá òsì bẹ́ńṣì, ó dé fìlà ṣójà rẹ̀ gẹ̀ẹ́gẹ̀. Àtàndá wọ abẹ́ aṣọ dúdú, ó yà á.

"Ẹ ṣí fìlà. Ẹ wá jókòó sápá ọ̀tún níbí."

"Kí ló dé? Ìwọ kò tíì ya mí?"

"Mo ti yà yín. Ẹ fi ọwọ́ lé orúnkún."

Sájẹ́ńtì sún, ó ń wò ó tìfura-tìfura. Àtàndá tún yà á. Ìgbà yẹn ni ohun tó ń ṣe yé mi, mo sì fi ojúlówó aṣọ oníbàárà bo ẹnu ara mi kí n má baà pariwo.

Ọjọ́bọ̀ la lọ bá a ní ilé ìpínjà. Lọ́rì Ìbàdàn ti dé, ó dúró níta pẹ̀lú tapólì lórí. Ìyá Ìbejì ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Àtàndá na àpòòwé sí sájẹ́ńtì.

Sájẹ́ńtì yọ fótò jáde. Sájẹ́ńtì méjì ló jókòó lórí bẹ́ńṣì kan, èjìká kan èjìká, ọ̀kan dé fìlà, ọ̀kan ò dé e, àwọn méjèèjì ń wò ó.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó pe àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wá wò ó, wọ́n ń lu ara wọn lẹ́yìn. "Ta ni èyí? Ìyá mi ò sọ fún mi!" Ó yí fótò dorí kodò, ó gbé e sún mọ́ ojú fèrèsé, ó ń fi èékánná wá ibi tí wọ́n ti pàdé, bí èmi náà ṣe ti wá a. Mo rí i pé inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé.

Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó wo tábìlì rẹ̀, níbi tí fótò Táyé àti Kẹ́hìndé tó já lára ògiri wà. Ó gbé e. Ó tẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bẹ́ńṣì kan náà ni. Ihò kòkòrò tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ńṣì, ó wà nínú àwọn méjèèjì. Fìlà lórí ọ̀kan, èkejì ò dé fìlà.

"Fótò," ló pe Àtàndá, ohùn rẹ̀ ti relẹ̀. "Ọmọ yìí... èkejì yìí..."

Àtàndá wo ojú rẹ̀, kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Sájẹ́ńtì wo èmi, mo wo Ìyá Ìbejì. Òun náà wá wo Ìyá Ìbejì, ó wò wọ́n pẹ́. Mo rò pé ó ń rántí gbogbo fótò ara ògiri yẹn, láti ìgbà ọmọ ọwọ́ títí dé ìgbà irùngbọ̀n. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó máa la ẹnu rẹ̀ sọ ọ́, lẹ́yìn ògiri tí Táyé wà gan-an.

Ó dìde. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn, Táyé jáde, ó ń ṣẹ́jú nínú ìmọ́lẹ̀. Sájẹ́ńtì gbé fótò ara ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì na án sí Ìyá Ìbejì.

"Màmá," ló wí, "ẹ máa mú Táyé lọ sílé. Kẹ́hìndé kò jí nǹkan kan." Ó dúró díẹ̀. "Ẹ bá mi kí i."

Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀. Èmi ni mo sunkún, ẹkún gidi, níwájú àwọn ṣójà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ "ẹ" lẹ́nu ọkùnrin yẹn.

Iléyá dé. Ọdún náà kò ní ẹran púpọ̀, àgbò wọ́n bí ojú, àmọ́ Ìyá Ìbejì rí aṣọ aláwọ̀ aró rà, mo sì rán méjì bí mo ṣe máa ń rán an. Àtàndá ò tíì sọ fún wọn. Láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ló ti ń bẹ̀ mí kí n bá òun sọ ọ́, mo ní mi ò ní í sọ ọ́, ẹnu mi ti rí tó lọ́dún yìí.

Táyé jókòó sí apá òsì bẹ́ńṣì nínú aṣọ tuntun rẹ̀. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ Kẹ́hìndé lọ́wọ́. Àtàndá ń nu ojú kámẹ́rà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ìyá Ìbejì," ló wí níkẹyìn, kò wo ojú wọn. "Ẹ forí jì mí. Ewé méjì ni mo lò fún ṣójà yẹn. Ẹyọ kan ló kù. Mo ti wá a dé Òṣogbo, mo wá a dé Ìbàdàn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lè yà lónìí."

"Ẹ̀ẹ̀kan?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni, Màmá."

Wọ́n wo Táyé. Wọ́n wo àyè tó ṣófo ní apá ọ̀tún rẹ̀, àyè tí a ti ń fi sílẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ náà ti lè dá jókòó. Mo ń ro ohun tí wọ́n máa ṣe, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀.

Wọ́n wá gba aṣọ Kẹ́hìndé lọ́wọ́ mi. Wọ́n ká a dáadáa, wọ́n fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, wọ́n lọ jókòó sí apá ọ̀tún bẹ́ńṣì, wọ́n sì gbé aṣọ náà lé itan.

"Táyé, sún mọ́ mi," ni wọ́n wí.

Táyé sún mọ́ wọn. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ là sí mi lójú pé nínú gbogbo fótò ara ògiri yẹn, kò sí ọ̀kan tí ìyá yìí ti jókòó ti ọmọ rẹ̀. Àyè kò sí rí.

"Yà wá, Àtàndá."

Àtàndá yà wọ́n. Ó tẹ ẹ̀dà kan fún èmi náà, ó sì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi títí di òní. Nígbà mìíràn, bí oníbàárà ò bá sí, mo máa ń lọ dúró tì í, màá fi èékánná wá ojú rírán rẹ̀ láàrin ìyá àti ọmọ. Kò ní.